Àpò Tí Mo Rán Pa

Gbogbo aṣọ tí mo bá rán fún ara mi, kì í ní àpò. Àwọn oníbàárà mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n á ní, "Télọ̀, ṣé aṣọ ló tán ni àbí ọgbọ́n?" Èmi náà á ní ọgbọ́n ni, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ mi. A ó rẹ́rìn-ín, wọ́n á gba aṣọ wọn, wọ́n á lọ. Ṣùgbọ́n títí dòní olónìí, bí mo bá ti jókòó sídìí máṣíìnì pẹ́ díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi á ṣàdédé gòkè wá sí àyà mi lápá òsì, á máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Orí ti gbàgbé, ọwọ́ ò gbàgbé. Bí ọwọ́ bá sì ti kan àyà lásán báyìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ọjọ́ náà á sì gùn jù fún mi.

Ọmọbìnrin ni, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti mú un wá, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ìgbà ayé ológun ni, nígbà tí nǹkan le débi pé ṣòkòtò tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, dídín ni wọ́n máa ń ní kí n dín in. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ẹ̀gbọ́n mi fà á lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní Ìbà, wọ́n ní, "Bí mo ṣe fà á lé ọ lọ́wọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o fà á lé mi padà." Mo ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Àwọn ló pọ̀n mí dàgbà. Mo bẹ̀rù wọn ju sójà lọ, sójà ayé ìgbà náà kì í sì í ṣe ẹni tí à ń bá ṣeré. Mi ò tíì gbéyàwó nígbà yẹn. A ta kọ́tìnnì sáàárín yàrá, ọmọ gba ìhà fèrèsé, èmi gba ìhà ilẹ̀kùn, a di ìdílé.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Okokomaiko, ilé pákó kan lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà kọjá. Yúnífọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ mi jù. Kò ju oṣù méjì lọ tí ọmọ yìí fi gba ìjọba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ mi. Pírámárì fáìfù ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, èmi nìkan ló lè kà á. Nígbà míràn èmi náà ò lè kà á. Ó ṣí i lọ́jọ́ kan, ó fajú ro.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé mẹ́fà lẹ kọ síbí ni, àbí ìgbín ló rìn kọjá?"

"Mẹ́fà ni."

"Ìbàdí ìyá yìí jẹ́ íǹṣì mẹ́fà? Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn kú oríire."

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kọ ìwé, èmi ń pe nọ́ńbà. Ohun kan tún wà tó máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ tí mi ò lè gbàgbé. Ó ti tọrọ òòfà kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe l'Álábà, èyí tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ agbóhùn kan tó ti kú. Ó so ó mọ́ okùn. Bí a bá fẹ́ palẹ̀ mọ́, á máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń fa ajá kékeré, gbogbo abẹ́rẹ́ àti píìnì tó ti já bọ́ láti àárọ̀ á máa fò mọ́ ọn. "Ẹ wò wọ́n, Bọ̀ọ̀dá," á wí, "wọ́n ń bọ̀ wálé."

Ẹ̀yìn mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wà ní kẹ́míìsì kan ní Ìyànà-Ìbà. Bí o bá sọ fún un pé ara ń ro ọ́, kò ní bi ọ́ pé níbo. Á na ọwọ́ sí ike yìí, á na ọwọ́ sí ike tọ̀hún, pupa kan, funfun méjì, ọ̀kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á dì wọ́n sínú ọ̀rá kékeré, á ta kókó sí i lẹ́nu. Mi ò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá da ọ̀rá kan mì láàárọ̀, tí mo da òmíràn mì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀yìn mi á dákẹ́, ojú mi á là, máṣíìnì á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ nìkan ni. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́. Àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi ni mo ń kó wọn sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì máa ń rán, torí pé Ìyànà-Ìbà wà lójú ọ̀nà rẹ̀. "Bá mi ra epo bọ̀ o," ni mo máa ń wí. Mo fẹ́ràn láti máa sọ pé òun ni epo tí mo fi ń rìn. Bó bá dé, á jù ú sí mi lórí máṣíìnì: "Epo ti dé o, Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbéra." Ẹ̀rín la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ó ti wà ní SS2 nígbà tó mú lẹ́tà wálé pé kí àwọn òbí wá sí ìpàdé. Inú mi ò dùn sí i. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé, bí mo bá ti gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀kì tí kì í ṣe ti télọ̀, ìdí máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo lọ. Wọ́n ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Àwọn òbí tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì tó wà nítòsí wa, àwọn ará Èkìtì àti Oǹdó, jókòó níwájú pẹ̀lú bírò. Àwa ọlọ́jà, onímọ́tò àti oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Màmá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n pè láti wá bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ká àwọn ọmọkùnrin kan láti ilé ìwé náà mọ́ ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, níbi tí wọ́n ti ń fa igbó. Màmá nọ́ọ̀sì wá ka àmì tí a fi ń dá ọmọ tó ń lo oògùn olóró mọ̀ fún wa: kí ojú rẹ̀ máa pọ́n, kó máa sùn ní kíláàsì, kí oúnjẹ má wù ú jẹ, kó máa bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, kó ṣàdédé ní ọ̀rẹ́ tuntun. Àwọn ará iwájú ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń fi ìka kà á. Nígbà tí mo ka ìka karùn-ún, mo rí i pé yàtọ̀ sí ti kíláàsì àti ti ọ̀rẹ́ tuntun, gbogbo èyí tó kù ló bá èmi fúnra mi mu. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé àwàdà ni.

Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ní kì í ṣe igbó nìkan o, ká wo inú ilé tiwa náà. Ibẹ̀ ni mo ti sọ etí nù, torí pé èrò kan ti bọ́ sí mi lórí. Ọmọ tó ń kó nǹkan burúkú wá sílé ìwé, níbo ló ń kó o sí? Mo dìde.

"Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Télọ̀ ni mí. Yúnífọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ yín ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ọwọ́ mi ló ti jáde. Àpò lọ̀ràn wà. Ẹ jẹ́ ká rán àpò wọn pa."

Ariwo ta. Awakọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Télọ̀, tí wọ́n bá wá ń kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ṣé wàá rán ẹsẹ̀ wọn pa ni?"

Màmá nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bọ̀ọ̀dá télọ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àpò kì í mu nǹkan o. Ẹni tó ni àpò là ń bá wí."

Gbogbo èrò tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé ti gba èrò mi wọlé. Ó ṣeé fojú rí, ó sì ṣeé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo jáde níbẹ̀ bí ọba. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán àpò pa, ti ọmọkùnrin, ti ọmọbìnrin, mo rán ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí abẹ má lè tètè tú u. Àwọn ọmọ tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà gba tirẹ̀ níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Ọmọ Apàpò."

"Àwọn wo ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo kíláàsì. Tíṣà wa náà. Níbo ni kí n wá máa fi áńkáṣíìfù mi sí?"

"Dì í mọ́wọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Tiyín ṣí sílẹ̀ gbayawu."

"Èmi kì í ṣe ọmọ ilé ìwé."

Ó wo àpò àyà mi, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Mo ti ronú nípa ìwò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́jọ́ náà, mo rò pé ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn àmì yẹn lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Oúnjẹ kì í wù ú. Ó kanra mọ́ oníbàárà kan tó wá gba blóúsì. Ó sì ní ọ̀rẹ́ tuntun, ọmọ olùkọ́ kan tó ń gbé ní Ẹ́sítéètì Ìbà. Kì í ṣe ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ rò o, ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú ò ní mú kí n purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo rò. Mo rí i bí wọ́n ṣe máa sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láti Ìsẹ́yìn, mo rí gèlè wọn.

Mo wá di ọlọ́pàá. Bó bá tẹ̀ síwájú láti fọ abọ́, màá rọra gbóòórùn irun rẹ̀ bóyá igbó wà níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ń gbóòórùn mi bí ẹni fẹ́ ra ẹja."

"Mo ní kí n mọ ìpara tó o ń lò ni."

"Àdí ni. Tiyín náà ni."

Lọ́jọ́ kan mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé inú Ẹ́sítéètì, mo ń sá pamọ́ láti ara ọgbà kan dé èkejì. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ di ìdí ṣòkòtò mi mú, ó ní kí ni mo wá jí. Níbi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni mo ti rí ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ìwé báyọ́lọ́jì lórí itan wọn. Òun ló wá bá ọlọ́dẹ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bọ̀ọ̀dá mi ni. Wọ́n ṣìnà ni." Ó mú mi lọ́wọ́ jáde bí ẹni mú ọmọ. Kò bi mí léèrè ohun kankan títí a fi délé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí tú. Ó ń lọ aṣọ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléédú. Mo ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi kọ́ sára ìṣó nítorí ooru, mo wà nídìí máṣíìnì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Òórùn aṣọ tó ń jó ló jẹ́ kí n gbójú sókè. Áyọ́ọ̀nù dojú bolẹ̀ lórí yúnífọ́ọ̀mù tuntun kan, èéfín ń rú, ọmọ dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Mo fò dìde, mo gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Ara ń ro mí, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má bínú. Mi ò tíì lò ó lónìí."

Ó rìn lọ sídìí ìṣó, ó na ọwọ́ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó mú ọ̀rá kan jáde, ó fi eyín tú kókó rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn. Kò yọ́ ọ ṣe. Bí ẹni tó wọ ilé ìdáná tó fẹ́ bu iyọ̀ ló ṣe mú un.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

Ó yà á lẹ́nu pé mo bèèrè. "Oògùn wa ni."

Oògùn wa. Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí ìwé àti iṣẹ́ ilé pọ̀ pa pọ̀. Tí mi ò bá lò ó, orí á máa fọ́ mi, ọwọ́ á máa gbọ̀n."

"Ta ló ní kó o máa lò ó?"

Ó wò mí, kò sí ìwọ̀sí nínú ìwò náà rárá. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní òun ni epo téèyàn fi ń rìn?"

Mo ti rán àpò odindi ilé ìwé pa. Tèmi nìkan ló kù tó ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan náà wà.

Màmá nọ́ọ̀sì ti sọ nípàdé pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn kó wá bá àwọn nílé ìwòsàn ní Òjó. Mo mú ọmọ náà lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò nílé, ẹ̀rù bà mí nítorí oògùn tèmi náà: mo kó ọ̀rá méjì tó kù kúrò nínú àpò, mo kó wọn sábẹ́ fìlà mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dọ̀bálẹ̀ kí màmá yìí dáadáa nígbà tí a wọlé. Ọrùn mi le gan-an bí ẹni ru omi.

"Bọ̀ọ̀dá alápò!" Wọ́n dá mi mọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní oògùn ìrora tí èèyàn ń lò láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un lè so ara mọ́lẹ̀ bí igbó ṣe ń ṣe, àwọn sì sọ ọ́ nípàdé. Wọ́n ní kó máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n wá bi í pé, "Níbo lo ti ń rí i?"

Ọmọ náà wojú mi. Èmi wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ìyá kan ń wẹ ọmọ lórí kàlẹ́ńdà yẹn, ọ̀ṣẹ wà lójú ọmọ náà, mo lè ya àwòrán rẹ̀ fún yín títí dòní.

"Mo rà á fúnra mi, mà," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo gbọ́ ọ. Oògùn wà lábẹ́ fìlà mi.

Ẹ̀gbọ́n mi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, gèlè wọn rí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí i lọ́kàn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní kí ọmọ kúnlẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi fúnra mi ni, Màámi."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ?"

"Kò sí."

Mo la ẹnu, ó wúwo bí áyọ́ọ̀nù, mo pa á dé. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún díẹ̀, wọ́n ní Èkó ti bá àwọn ba ọmọ jẹ́, àwọn ń mú un lọ sílé, ìdánwò tó bá fẹ́ ṣe kó lọ ṣe é níbẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi. Mo rò pé ó ti parí fún mi. Wọ́n ní, "O ṣeun, àbúrò mi. Bí kì í bá ṣe ìwọ tó tètè rí i, ọmọ yìí ì bá ti sọnù."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹgba ilé ìwé ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sìn wọ́n dé ìdíkọ̀. Kí ọmọ tó wọ mọ́tò, ó fi òòfà náà lé mi lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí àwọn abẹ́rẹ́ máa sùn síta o." Mọ́tò gbéra. Ó jókòó síhà ọ̀dọ̀ fèrèsé, bó ṣe máa ń jókòó nínú yàrá wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, mo wọ́ òòfà náà lọ, mo wọ́ ọ bọ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ fò mọ́ ọn. Mo dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ló ń pariwo lójú títì. Kọ́tìnnì àárín yàrá, mi ò ká a kúrò. Bí mo bá fẹ́ kọjá sí ìhà fèrèsé, mo ṣì máa ń wú ikọ́ kí n tó wọlé.

Mo tú gbogbo ọ̀rá tó ṣì wà lọ́wọ́ mi dà sínú ṣáláńgá. Mi ò fọgbọ́n ṣe é, mi ò sì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì orí mi ń lù bí ẹni ń gún iyán. Lọ́jọ́ kẹta ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara mi mọ́ kọ́là aṣọ. Mo dùbúlẹ̀ nínú òógùn, mo ń rò ó pé bí mo ṣe wà yìí, èmi àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wà nílé ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì ń pè é ní ọmọkọ́mọ sí i. Mo padà lọ bá màmá nọ́ọ̀sì ní Òjó. Ní ìgbà yìí mo ṣí fìlà kí n tó wọlé. Mo sọ ohun gbogbo. Wọ́n ní kò dáa kí èèyàn dá a dúró lójijì láìsí ẹni tó ń mójú tó o, wọ́n tọ́jú mi, wọ́n sì wá rí i pé ẹ̀yìn mi nílò àga tó dáa ju bẹ́ǹṣì pákó lọ. Àga! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń gbé oògùn mì, àga ni ẹ̀yìn mi ń bèèrè.

Wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti sọ fún mi. Èmi kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́."

Mo lọ sí Ìsẹ́yìn. Lójú ọ̀nà, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàdúrà kí táyà mọ́tò bẹ́. Kò bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ká aṣọ òfì tí wọ́n fẹ́ kó lọ sọ́jà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

"Mo rí ọ. Dìde, kí ló ń lé ọ?"

"Èkó tí ẹ ní ó ba ọmọ yín jẹ́. Èmi ni Èkó náà."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu nílẹ̀: ti epo, ti àpò, ti fìlà. Wọn ò bú mi. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n jókòó, wọ́n fi aṣọ òfì bo itan, wọ́n pe ọmọ jáde. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màámi, wọ́n bẹ̀rù yín jù."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ ọmọ wọn lójú mi. Wọ́n ní kó má bínú gbogbo orúkọ tí àwọn ti pè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹjọ́ tèmi. "Ẹnu tí o fi sọ ti àpò láàárín èrò, òun náà ni wàá fi sọ èyí, níbi tí wọ́n ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ọmọ ò sì níí bá ọ padà. Ó ti gba ilé ìwé níbí." Mo ní ẹ ṣeun.

Ìpàdé òbí tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré yẹn, mo dìde nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ọ̀rọ̀. Awakọ̀ ìjọsí ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀. "Télọ̀, ìbọ̀sẹ̀ ló kàn àbí?" Mo sọ fún wọn pé ọmọ tí mo torí ẹ̀ wá sí ìpàdé ìjọsí, inú àpò tèmi ló ti mú nǹkan tó fẹ́ bà á jẹ́, àti pé èmi ni mo ń rán an lọ rà á. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ àpò tiwọn wò nílé. Ẹ̀rín dá. Awakọ̀ yẹn wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọra gòkè wá sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Mo mọ ọwọ́ yẹn.

Àwọn ọmọ kó yúnífọ́ọ̀mù wọn wá, mo tú àpò wọn, gbogbo òwú tí mo fi rán an lẹ́ẹ̀mejì, lọ́fẹ̀ẹ́. Tèmi ni mo rán pa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yege ìdánwò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó wà ní ìlú tó jìnnà. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ti gbéyàwó, tí irun mi ti ń funfun. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sán kan péré. Ó ṣí ìwé ìwọ̀n aṣọ mi, ó ní ìgbín ṣì ń rìn kọjá. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó na ọwọ́ sí àyà mi lápá òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ lásán.

"Ẹ ti dàgbà, Bọ̀ọ̀dá."

Mo sìn ín dé Ìyànà-Ìbà. Mo dúró títí mi ò fi rí mọ́tò rẹ̀ mọ́, mo sì tún dúró sí i. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Mo fa òòfà náà jáde lábẹ́ máṣíìnì, okùn rẹ̀ ti gbó, mo wọ́ ọ lọ, mo wọ́ ọ bọ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí n sọ ohun tó máa ń sọ sí wọn. Ohùn mi ò bá a mu. Mo kó wọn sínú agolo, mo ti ilẹ̀kùn.